Àwọn Tó Wá Ṣọ̀fọ̀ Lábẹ́ Igi Olódòdó

Kí wọ́n tó wẹ òkú tán ní Asawase, àdúgbò wa ní Kumasi, Àǹtí Nímátù ti dé. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ìbáà jẹ́ òkú ọmọ Ìlọrin, ìbáà jẹ́ ti Hausa, ìbáà jẹ́ ti ará Aboabo tí wọn ò mọ̀ rí, bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ẹnìkan ṣaláìsí, wọ́n á ti ìsọ̀, wọ́n á da ìborùn dúdú borí, wọ́n á lọ jókòó ti ọlọ́fọ̀ lórí ẹní. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n á kàn di ọwọ́ ẹni náà mú títí ẹkún rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á bọ́ sí ìdí ààrò lọ bá wọn se oúnjẹ.

Àbúrò bàbá mi ni wọ́n. Wọ́n kúrú, wọ́n dúdú, wọn ò sì mọ bí a ti ń rìn jẹ́jẹ́. Abọ́ tánganran ni wọ́n ń tà ní ọjà ńlá Kumasi. Kumasi ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí mi sí. Lọ́dún 1969, tí ìjọba Gánà ní kí àlejò tí kò níwèé máa lọ sílùú rẹ̀, gbogbo wa palẹ̀ mọ́, a kọrí sí Ìlọrin. Bàbá mi kú síbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, Àǹtí mú èmi nìkan dání, a padà sí Kumasi. Ìyá tó bí Àǹtí àti bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìlọrin, ní àwọn ò lè tún ẹrù dì mọ́ láyé àwọn. Wọ́n jókòó sílé.

Wàyí o, ohun kan wà tí gbogbo Asawase ò mọ̀. Nígbà tí Ìyá Ìlọrin ń ṣàìsàn tó pa wọ́n, Àǹtí Nímátù kò lọ wò wọ́n, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà là sílẹ̀ gbayawu.

Oṣù keje ọdún 1982 ni lẹ́tà dé láti Ìlọrin. Èmi ni mo kà á, torí Lárúbáwá nìkan ni Àǹtí lè kà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà. Bàbá Jímọ̀h, ẹ̀gbọ́n Àǹtí, ló kọ ọ́, pé ara Ìyá ò yá, ẹsẹ̀ wọn ti wú, oúnjẹ ò lọ, pé lójoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè bóyá ọkọ̀ Nímátù ti wọlé. Ọdún yẹn burú ní Gánà. Ọjà gbẹ táútáú. Àwọn sójà ti kó abọ́ Àǹtí lọ́jà, wọ́n tà á ní iye tó wù wọ́n, ìró méjì péré ló kù tí wọ́n ń ró. Ẹni tó bá sì mọ àwa ará Ìlọrin tó wà ní Gánà á mọ̀ pé a kì í wọlé lọ́wọ́ òfo. Bí o bá ti Gánà dé, gbogbo agboolé ló ń retí aṣọ lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tí kò bá rí gbà á máa béèrè ohun tí o lọ ń ṣe níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Àǹtí ní ojú ń ti àwọn. Wọ́n ní kí àwọn kọ́kọ́ wá aṣọ díẹ̀ jọ ná.

Nígbà tí oṣù kẹjọ wọlé, wọ́n ní kí n gbé bíírò. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ti sọ ọ́: “Ìyá wa, àwọn sójà ti ti ibodè. Ọkọ̀ kankan ò kọjá. Bí ọ̀nà bá ti là, ojú mi lẹ ó rí.” Irọ́ gbuu ni. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni ọkọ̀ Nàìjíríà ń gbéra ní Aboabo. A máa ń gbọ́ fèrè rẹ̀ látinú ilé wa. Èmi tí wọ́n ní kí n kọ irọ́ kan, mo wá fi òmíràn kún un. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n yìnbọn pa obìnrin kan tó fẹ́ gba inú igbó kọjá. Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo kàn rò pé lẹ́tà náà ò tíì dun ẹni tó bá kà á tó ni. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níwèé, tó fẹ́ fi hàn pé òun mọ ọ̀rọ̀ tò.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹsàn-án, Ìyá Ìlọrin kú. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí ìjọba Gánà ti ibodè ní tòótọ́, ó dà bíi pé Ọlọ́run fi ọ̀rọ̀ ẹnu wa mú wa. Oṣù kẹwàá ni lẹ́tà òkú tó tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ibì kan wà nínú lẹ́tà náà tí Bàbá Jímọ̀h ti kọ ọ́ pé nígbà tí wọ́n ka èsì wa sí Ìyá létí, tí wọ́n gbọ́ nípa ìbọn, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ránṣẹ́ pe Nímátù mọ́, kí wọ́n má bàa yìnbọn pa ọmọ àwọn. Mo rí ibẹ̀, mo fò ó. Mo ka ìyókù fún Àǹtí. Àwọn tó wá kí wa ń sọ pé, “Ibodè ni, Nímátù, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ.” Àǹtí tẹrí ba, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ń gbé omi fún àlejò.

Àtìgbà náà ni wọ́n ti ń lọ síbi òkú gbogbo ayé. Àwọn ènìyàn ń yìn wọ́n. Mo mọ ohun tó ń lé wọn kiri, Àǹtí fúnra wọn ò sì mọ ìdajì rẹ̀.

Yasuko wọlé wa ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1987. Ọmọ ilẹ̀ Japan ni, ó wá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Ilé olùkọ́ tí wọ́n ṣèlérí fún un kò tíì ní òrùlé, ló fi gba yàrá lọ́dọ̀ wa. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Èmi àti òun ń sọ òyìnbó, torí èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òun àti Àǹtí ń sọ Twi díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ omi, ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Maame ló ń pè wọ́n. Láràárọ̀ ló máa ń tẹ ara ba kí wọn, ìyẹn sì dùn mọ́ Àǹtí nínú. Wọ́n ní ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni, pé tiwa tó ń pe ara rẹ̀ lẹ́ni tó ń kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ kì í kanlẹ̀. Èmi ni wọ́n ń bá wí.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹrin ọdún 1988, ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà kan dé fún un láti ilé. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó kà á, ó ká a padà, ó tún tú u kà. Kò jẹun lọ́sàn-án yẹn. Nígbà tí mo kọjá lẹ́bàá fèrèsé rẹ̀, mo gbọ́ tó ń fa imú. Lọ́jọ́ kejì ó wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ aṣọ, ojú rẹ̀ ti wú.

Ó ní, “Àìṣátù, jọ̀wọ́, mo fẹ́ yá ẹní méjì lọ́wọ́ Maame. Lọ́jọ́ Àìkú mo fẹ́ lọ jókòó sábẹ́ àwọn igi tó wà ní ọgbà ìlú, lọ́nà Bantama. Òdòdó ti bò wọ́n. N ó jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.” Ó bá mi fún aṣọ kan. “Ó yẹ kí n wà lọ́dọ̀ ìyá mi ni. Ṣùgbọ́n mi ò lè lọ, mo ní láti ṣe é níbí. Òdòdó náà kì í lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó já. Ó ń rán wa létí pé ayé ò gùn. Sọ fún Maame kí wọ́n bá mi wá, kí wọ́n sì bá mi se nǹkan tí a lè jẹ lórí ẹní. Ẹ̀yin ni ẹbí tí mo ní níbí.”

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Àǹtí lọ bó ṣe sọ ọ́. Wọ́n gbé ọkà tí wọ́n ń fẹ́ sílẹ̀.

“Ìyá rẹ̀ ti kú,” ni wọ́n wí.

Ẹ má tíì fi wá rẹ́rìn-ín. Gbogbo ará Kumasi tó bá máa ń gba ọ̀nà yẹn mọ àwọn igi náà. Igi ńlá mẹ́fà ni, tó bá di àsìkò yìí, ewé rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́, òdòdó àwọ̀ pinki á bò ó látòkè délẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ náà á wá pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ó lẹ́wà, a mọ̀. Ṣùgbọ́n kò jìnnà sí ọsibítù ńlá, abẹ́ wọn sì ni àwọn tó bá wá gbé òkú máa ń tẹ́ ẹní sí, tí wọ́n á jókòó dúró. Kò sí àgbàlagbà kan tí a mọ̀ rí tó tẹ́ ẹní síbẹ̀ nítorí òdòdó. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, òkú ló mú un débẹ̀.

Mo ní, “Àǹtí, ṣé kí n bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ni?”

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. “Haba, Àìṣátù. Ta ló ń bi ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ pé ṣé ìyá ẹ kú? Wọ́n bí ọ re, àbí wọn ò bí ọ re? A ó lọ jókòó tì í ni. Ọ̀rọ̀ á sọ ara ẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é lóòótọ́. Ẹnu wa kì í gba ikú létí ẹni tí ikú ṣe. Wọ́n á ní bàbá ẹnìkan “ò gbádùn” nígbà tó ti wọlẹ̀ tán, wọ́n á mú un délé kó tó rí i fúnra rẹ̀. Èmi tó gbọ́ òyìnbó, ìṣẹ́jú kan ni ìbá gbà mí láti bi Yasuko. Mi ò bi í. Nígbà tí mo padà wọ ilé ìdáná, mo bá Àǹtí níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

“Kò lè lọ,” ni wọ́n ń sọ. “Ìyá ẹ̀ kú, kò lè lọ. Àìṣátù, o gbọ́?”

Mo gbọ́. Mo bojú wolẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, gbogbo ìyá ọmọ Ìlọrin tó wà ní Asawase ti mọ̀ pé ìyá òyìnbó ilé Nímátù ti kú. Ìyá Sàwúdátù, olórí ẹgbẹ́ wọn, ní òun ń bọ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹgbẹ́. Àáfà Táhírù, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní àdúgbò wa, janpata díẹ̀. Ó ní òun ò lè ṣe fídáù fún ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Àǹtí ní, “Àáfà, ọmọ ni kí ẹ gbàdúrà fún. Òkú ò ní kí ẹ wá.” Ìyẹn bá a lára mu. Àǹtí se wàínà, àkàrà ìrẹsì, kún agbọ̀n méjì, wọ́n din ẹran, wọ́n po zomkom, omi ọkà tí a máa ń mu, sínú garawa. Inú Yasuko dùn nígbà tó rí oúnjẹ náà, ó ń tẹ ara ba, ó ń dúpẹ́. Àǹtí ní ọmọ náà ń rọjú.

Lọ́jọ́ Àìkú, èmi, Àǹtí àti Yasuko la kọ́kọ́ dé ọgbà náà. Kojo, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, bá wa gbé garawa. Yasuko yan igi tó tóbi jù, ó ní kí a tẹ́ ẹní sí abẹ́ rẹ̀ gan-an, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó sí ẹ̀gbẹ́, ó wá gbé ojú sókè. Afẹ́fẹ́ fẹ́ díẹ̀, òdòdó ń já sí orí rẹ̀, kò gbọ̀n ọ́n dànù. Ó wò ó títí ojú rẹ̀ fi kún fún omi. Àǹtí sún mọ́ ọn, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Nígbà tó yá, àwọn ìyá dé. Àwọn méjìlá, gbogbo wọn nínú ìborùn dúdú, Àáfà Táhírù níwájú. Bí Yasuko ti rí wọn, ó fò dìde, ó rẹ́rìn-ín láti etí kan dé èkejì. Ó ní ṣé gbogbo wọn ló wá? Ó sáré lọ pàdé wọn. Wọ́n ń kí i pé ẹ kú àmúmọ́ra, ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á mú un jìnnà síra, òun náà ń dúpẹ́ ní Twi, “Medaase, medaase.” Ó wá fa ẹ̀rọ ayàwòrán yọ nínú báàgì, ó ní kí wọ́n tò sábẹ́ igi.

Wọ́n tò. Kí ni wọn ì bá ṣe? Ìyá Sàwúdátù gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu sọ fún mi pé, “Ebei. Níbi òkú ìyá ẹ̀? Bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wọn nìyẹn.” Nínú fọ́tò yẹn, tó ṣì wà lọ́wọ́ mi, kò sẹ́nìkan tó rẹ́rìn-ín. Ó dà bí ìgbà tí ọlọ́pàá to olè sójú kan. Ìgbà yẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ fura. Mo mọ̀ pé ẹni tí ìyá rẹ̀ kú kì í ṣe báyìí, ní ìlú yòówù kó jẹ́. Ṣùgbọ́n Àáfà ti tẹ́wọ́ àdúrà, gbogbo wa ti ní àmín, mo sì dákẹ́ torí ojú ń tì mí láti jẹ́ ẹni tó máa sọ ọ́.

Kojo ló sọ ọ́. Òun ti gbọ́ látẹnu àwọn ìyá nígbà tí wọ́n ń wọlé. Ó ṣí fìlà, ó rìn wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ Yasuko, ó sì sọ ọ́ ní Twi tó yé ẹni gbogbo.

“Madam, due. Wɔse wo maame awu. Due, due.” Ìyẹn ni pé wọ́n ní ìyá rẹ ti kú, kó rọjú.

Ẹ̀rín kú lójú Yasuko. Ó wo Kojo, ó wo àwọn ìyá nínú aṣọ dúdú, ó wo Àáfà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà, ó wo oúnjẹ, ó wá wo èmi. Mo rí i lójú rẹ̀ bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń tò fún un. Ó rò pé wáyà ti dé láti Japan, pé a ti mọ̀ ṣáájú òun, pé ìdí tí a fi tẹ̀ lé e wá nìyẹn.

“Ìgbà wo?” ló bi mí lóyìnbó. “Àìṣátù, ìgbà wo ni wọ́n ránṣẹ́?”

Kí n tó la ẹnu, ó ti wó lulẹ̀. Ó dojú bo ẹní, ó ń pe ìyá rẹ̀ lédè wọn, irú igbe tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu ẹni tó ń tẹ ara ba láràárọ̀ yẹn. Àwọn ìyá mi orí, wọ́n ní ẹ ò rí i, ó ti ń gbé e mọ́ra tẹ́lẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kó sunkún. Àǹtí gbá a mọ́ra. Mo kúnlẹ̀ lórí ẹní, orúnkún mi kanlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo ń pariwo sí i létí pé kò sí wáyà, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́, àwa la rò ó lọ́kàn wa. Mo sọ ọ́ tó ìgbà mẹ́wàá kó tó gbọ́.

“Ẹ rò ó?” ló ní. “Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?”

Mo yíjú, mo sọ fún àwọn ìyá pé ìyá Yasuko ò kú, pé òdòdó ló ní ká wá wò. Ẹ ò rí i bí ojú ti ń tini. Àwọn àgbàlagbà méjìlá, àáfà kan, nínú aṣọ ọ̀fọ̀, lábẹ́ igi, tí a ti gbàdúrà ọ̀fọ̀ lé alààyè lórí. Àáfà Táhírù bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìsítígífárù, àdúrà ìtọrọ àforíjì, wúyẹ́wúyẹ́. Ìyá Sàwúdátù tú ìborùn dúdú, ó ká a sí abẹ́ apá. Àǹtí ni kò mira. Wọ́n ní kí n bi í ohun tó wà nínú lẹ́tà náà, tó fi sunkún.

Yasuko nu ojú, ó sọ ọ́. Ìyá òun wà ní ọsibítù láti oṣù kejì, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kò sì dà bí ẹni pé yóò pẹ́. Ìyá náà kọ ọ́ pé òdòdó igi wọn, tí wọ́n ń pè ní sákúrà, yóò là láìpẹ́, bóyá Yasuko lè wá kí àwọn jọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Yasuko ní òun ti dá èsì padà pé iṣẹ́ òun ò parí títí di oṣù keje, pé kò sí àyè. Òun yóò ya fọ́tò igi ti Kumasi ránṣẹ́ sí i.

“Fọ́tò,” ni Àǹtí wí nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n jókòó tẹ́ẹ́. Àwọn ìyá ti ń ká ẹní wọn láti lọ. Àǹtí gbé ohùn sókè.

“Ẹ̀yin ìyá, ẹ dúró kí ẹ gbọ́. Àìṣátù, bí mo bá ti ń sọ ọ́ ni kí o máa túmọ̀ ẹ̀ fún ọmọ yìí. Ẹ ní ibodè ni ò jẹ́ kí n rí ìyá mi kó tó kú. Wallahi, ibodè kọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni ìyá mi fi ń retí mi, ọkọ̀ ń lọ ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Mi ò ní aṣọ tí n ó pín ní agboolé, ojú ń tì mí, ni mo fi jókòó. Mo ní kí ọmọ yìí kọ ọ́ pé sójà ti ọ̀nà pa. Ọdún mẹ́fà ni mo fi purọ́ fún yín. Gbogbo ilé òkú yín tí mo ń wá, mi ò rí ti ìyá mi ṣe ni.”

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tiwa ò tilẹ̀ tó ogún. Mo túmọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Yasuko di ọwọ́ Àǹtí mú. Ó wá béèrè ohun kan.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ránṣẹ́ pè yín? Wọn ò tún pè yín mọ́?”

Mo túmọ̀ ìyẹn fún Àǹtí.

“Ẹ̀ẹ̀kan ni,” ni wọ́n wí. “Lẹ́yìn tí a dá èsì padà, wọn ò pè mí mọ́ rárá. Mo mọ ohun tó fà á. Ìyá mi mọ̀ pé irọ́ ni mo pa. Inú bí wọn sí mi títí wọ́n fi kú.”

Ọdún mẹ́fà. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń bá wọn jẹun nínú abọ́ kan náà, ohun tí wọ́n sì ń gbé sùn nìyẹn. Gbogbo wọn ń wò mí, wọ́n ń dúró kí n túmọ̀. Dípò ìyẹn, mo yíjú sí Àǹtí.

Mo ní, “Àǹtí, inú ò bí wọn.” Mo sọ ọ́ fún wọn níbẹ̀, lójú gbogbo wọn. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìbọn tí mo fi kún lẹ́tà láìsí ẹni tó rán mi. Mo sọ ohun tí Ìyá Ìlọrin wí nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ, pé kí wọ́n má ṣe pe Nímátù mọ́, kí wọ́n má bàa yìnbọn pa á. Mo ní ó wà nínú lẹ́tà oṣù kẹwàá, pé mo rí i, mo fò ó.

Àǹtí wò mí. Wọn ò bú mi, wọn ò sì sunkún. Wọ́n wò mí pẹ́ títí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka òdòdó tó wà lórí ẹní.

“Túmọ̀ ìyẹn náà fún un,” ni wọ́n wí.

Mo túmọ̀ rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Yasuko wọ ọkọ̀ lọ sí Accra, ó bá bàálù lọ sílé. Àǹtí kò fún un ní nǹkan kan gbé lọ. Wọ́n ní kó lọ lọ́wọ́ òfo, kó lọ báyìí. Lẹ́yìn ààwẹ̀, ẹnìkan kú ní Aboabo, Àǹtí jókòó sílé, wọn ò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń fẹ́ àwọn níbẹ̀. Ìyá Sàwúdátù ló wá mú wọn lọ́wọ́ dání lọ. Sí èmi, wọn ò yíwà padà: a ṣì ń jẹun pọ̀, wọ́n ṣì ń bá mi wí nítorí orúnkún.

Ní oṣù keje, lẹ́tà Yasuko dé. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ onílẹ́tà, mo gbé e wọlé fún wọn, mo fà á ya díẹ̀ létí, mo ń dúró kí wọ́n ní kí n kà á. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ti gèlè bọ orí, wọ́n gbé e lọ sílé Àáfà Táhírù, tí òyìnbó rẹ̀ kò ju kí ó ka àkọlé orí ọkọ̀ lọ. Wọ́n jókòó tì í lórí ẹní láti àárọ̀ títí di àṣálẹ́, ó ń fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé Yasuko bá ìyá rẹ̀ láàyè, òdòdó ti já tán nígbà tó dé, wọ́n sì jọ wo igi náà bẹ́ẹ̀ láti ojú fèrèsé fún ọjọ́ mọ́kàndínlógójì kí ìyá náà tó kú. Ìyá Sàwúdátù ló sọ ọ́ fún mi lọ́jà.